WordPress Lábẹ́ Ọwọ́ Ẹ̀ka Púpọ̀: Àyẹ̀wò Láti Ọ́fíìsì Kan ní Àbújá

Ìkànnì iléeṣẹ́ tó rẹwà pọ̀ ní Àbújá, ṣùgbọ́n èyí tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bá ohun tó ń lọ nínú iléeṣẹ́ náà mu ṣọ̀wọ́n. Ẹ óò ṣí ojúewé àwọn alákòóso, ẹ óò bá orúkọ ọ̀gá tó ti fẹ̀yìn tì níbẹ̀. Ẹ óò wa fọ́ọ̀mù jáde, ẹ óò rí i pé ti ọdún tó kọjá ni. Ẹ óò pe nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀, ẹni tó gbé e yóò sì sọ fún yín pé òun ti kúrò níbi iṣẹ́ yẹn tipẹ́. Bí a bá tọpinpin ọ̀rọ̀ náà dé ìdí, a kì í sábà bá ọ̀lẹ níbẹ̀. Ẹ̀ka tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ rò pé ẹ̀ka ìròyìn ni yóò yí i padà, ẹ̀ka ìròyìn ń retí kí wọ́n kọ̀wé ránṣẹ́ sí òun, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣe ìtọ́jú kọ̀ǹpútà sì ń retí kí àwọn méjèèjì kọ́kọ́ fẹnu kò.

Ojú yìí ni mo fẹ́ fi wo WordPress, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe ìkànnì tí a sì fi ń kọ ọ̀rọ̀ sórí rẹ̀. Àìmọye àyẹ̀wò ló ti wà tó ń sọ bí ó ṣe rọrùn tó fún ẹnì kan ṣoṣo tó fẹ́ máa kọ èrò rẹ̀ síta, n kò sì ní tún ìyẹn sọ. Ẹgbẹ́ aláàánú tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìlera ni mo ń bá ṣiṣẹ́, Utako ni ọ́fíìsì wa wà, ẹ̀ka ìròyìn ni mo wà, ìkànnì kan ṣoṣo ni gbogbo ẹ̀ka wa sì jọ ń lò: ẹ̀ka ètò, ẹ̀ka ìṣirò owó, ẹ̀ka òṣìṣẹ́, ẹ̀ka òfin àti àwa. Ìdájọ́ mi, kí n tó tú u palẹ̀, ni pé WordPress dára púpọ̀ ní ti kíkọ ọ̀rọ̀ àti gbígbé e jáde, ó sì ń pa ìtàn iṣẹ́ mọ́ ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ ló mọ̀, kò mọ ẹ̀ka tó ni ọ̀rọ̀ náà. Ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú wàhálà tí a ń rí ti ń wá.

Ọdún 2003 ni Matt Mullenweg ọmọ Amẹ́ríkà àti Mike Little ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé e jáde, wọ́n sì gbé e ka orí ètò kan tó ti wà ṣáájú tó ń jẹ́ b2. Lónìí, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò W3Techs, àwọn tó ń ka iye ìkànnì tó ń lo ètò kọ̀ọ̀kan, ó lé ní ìdá méjì nínú márùn-ún gbogbo ìkànnì ayé tó ń lò ó. Ọ̀fẹ́ ni ètò náà fúnra rẹ̀. Owó sẹ́fà (kọ̀ǹpútà tí ìkànnì ń gbé lórí rẹ̀), owó orúkọ ìkànnì àti owó ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ ni iléeṣẹ́ ń san. Ó yẹ kí oníbàárà mọ̀ pé èyí tí a ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́ ní wordpress.org, tí a sì ń gbé sórí sẹ́fà tí a bá fẹ́, yàtọ̀ sí wordpress.com, níbi tí iléeṣẹ́ Automattic ti ń bá ènìyàn gbé ìkànnì sórí sẹ́fà tiwọn, tí wọ́n sì ń gba owó fún ohun tó bá ju ti ọ̀fẹ́ lọ. Èyí àkọ́kọ́ ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ó ṣe gbajúmọ̀ yìí ní èrè tirẹ̀ ní ìlú tiwa: bí ẹni tó ṣe ìkànnì fún yín bá jápa lọ sí Kánádà láìdágbére, kò sí àdúgbò tí ẹ kò ti ní rí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n, láti Wuse dé Kubwa.

Ipò márùn-ún ni WordPress ń pín àwọn òṣìṣẹ́ sí. Administrator ló ni gbogbo àṣẹ. Editor lè kọ, ó lè tún ti ẹnikẹ́ni kọ, ó lè gbé e jáde, ó sì lè pa á rẹ́. Author lè kọ tirẹ̀, kó sì gbé e jáde fúnra rẹ̀ láìbi ẹnikẹ́ni. Contributor lè kọ, ṣùgbọ́n kò lè gbé e jáde; ṣe ni yóò fi ránṣẹ́ kí Editor yẹ̀ ẹ́ wò. Subscriber kò ju ẹni tó lè wọlé wo orúkọ ara rẹ̀ lọ. Bí a bá kà á báyìí, ó dà bíi pé ìṣòro ti tán, torí ipò Contributor jọ ohun tí gbogbo ọ́fíìsì ń wá: kí ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ kọ ọ́, kí ẹni tó mọ̀wé tún un ṣe, kí ọ̀gá fọwọ́ sí i.

Nínú iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni a ti ń rí ibi tí bàtà ti ń ta ènìyàn lẹ́sẹ̀. Contributor kò lè gbé àwòrán tàbí fáìlì kankan wọlé, nítorí náà òṣìṣẹ́ ẹ̀ka ètò tó lọ sí Keffi, tó ya àwòrán ìpàdé ìyá àti ọmọ, lè kọ ìròyìn rẹ̀ títí kan ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán, ṣùgbọ́n àwòrán gan-an yóò gba orí WhatsApp wá bá wa, tí yóò sì ti fọ́ kó tó dé. Lẹ́yìn tí a bá ti gbé ìròyìn náà jáde, ẹni tó kọ ọ́ kò tún lè fọwọ́ kàn án mọ́. Bí ó bá ṣi orúkọ abúlé kan kọ, àfi kó pè wá. Èyí kò burú púpọ̀, torí a lè fi í sípò Author kó lè gbé àwòrán wọlé, kí gbogbo wa sì jọ ní àdéhùn pé kò gbọdọ̀ tẹ bọ́tìnì ìgbéjáde. Àdéhùn ẹnu ni o. Ètò náà kò ní dá a dúró.

Èyí tó le jù ni ọ̀rọ̀ ojúewé. Oríṣi nǹkan méjì ni WordPress ń kọ: àwọn ìròyìn tó ń ní ọjọ́ lórí, tí a ń pè ní post, àti àwọn ojúewé tó dúró sójú kan, tí a ń pè ní page. Àwọn ohun tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ń tọ́jú, bíi ojúewé àwọn òṣìṣẹ́, ojúewé ìròyìn owó ọdọọdún, ojúewé ipò iṣẹ́ tó ṣí sílẹ̀ àti ojúewé ìlànà, page ni gbogbo wọn. Nínú WordPress bí a ṣe gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, Editor àti Administrator nìkan ló lè tún page ṣe. Bí a bá fẹ́ kí ẹ̀ka ìṣirò owó máa tọ́jú ojúewé kan ṣoṣo tó kàn án, àfi ká fi òṣìṣẹ́ rẹ̀ ṣe Editor, kó sì di ẹni tó lè yí ojúewé gbogbo ẹ̀ka yòókù padà, bí ẹni tó ní òun fẹ́ gbá yàrá òun tí a wá kó kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilé lé lọ́wọ́.

Nígbà tí a ń ṣàlàyé èyí fún màmá tó ń darí ẹ̀ka ìṣirò owó, wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n bi ọmọkùnrin tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà pé, “Ọmọ mi, ṣé ojúewé tèmi nìkan ni mo máa rí níbẹ̀?”

“Rárá, Mà. Gbogbo rẹ̀ lẹ máa rí.”

“Tí mo bá ṣèèṣì pa ti àwọn ẹ̀ka òfin rẹ́ ńkọ́?”

“Ó máa parẹ́, Mà. Ṣùgbọ́n a lè mú un padà.”

“Gbà á padà o jàre. Mi ò fẹ́ kí wọ́n tìtorí ohun tí mi ò mọwọ́ mẹsẹ̀ pè mí sípàdé.”

Wọ́n jàre. Iṣẹ́ wọn ni láti mọ̀ bóyá iye owó tó wà lórí ojúewé náà péye. Kò sí ìdí tí a fi máa gbé ẹrù ìkànnì gbogbo lé wọn lórí kí wọ́n tó lè ṣe ìyẹn. Ọ̀nà tí a gbà yí i ká ni pé a sọ ọ̀pọ̀ ohun tó ń yí padà di post tó ní ìsọ̀rí ẹ̀ka, a sì fi ojúewé sílẹ̀ fún ohun tí kì í sábà yí padà. Ó ràn wá lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìsọ̀rí náà jẹ́ ògiri: àmì lásán ni, kò sọ ẹni tó lè wọlé àti ẹni tí kò lè wọlé.

Àléébù kejì tí mo fẹ́ kí àwọn ọ̀gá ẹ̀ka mọ̀ jẹ mọ́ ojúewé tó ti wà níta. Ìgbà tí a bá ń kọ ohun tuntun, WordPress ní ibi ìpamọ́ fún iṣẹ́ tí kò tíì parí, ó sì ní ipò ìdúró-de-àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n tí ojúewé bá ti jáde, tí Editor kan ṣí i tó yí ìpínrọ̀ kan padà, bí ó bá ti tẹ bọ́tìnì ìpamọ́ báyìí, gbogbo ayé ti rí i. Kò sí bí a ṣe lè fi ti àtijọ́ sílẹ̀ níta kí ti tuntun máa dúró de ìfọwọ́sí nínú ilé. Fún iléeṣẹ́ tí ìlànà rẹ̀ sọ pé ẹ̀ka òfin gbọ́dọ̀ ka ọ̀rọ̀ kí aráàlú tó kà á, kùdìẹ̀-kudiẹ ńlá nìyí. Drupal, ètò mìíràn tí a fi ń ṣe ìkànnì, tí Dries Buytaert ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù dá sílẹ̀ ní 2001, ti ní ètò yìí nínú ara rẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 2018: ti àtijọ́ yóò wà níta, ti tuntun yóò máa gba ọwọ́ ẹ̀ka kan dé òmíràn, ìgbà tí ẹni tó ní àṣẹ bá fọwọ́ sí i ni yóò tó rọ́pò. Àmọ́ Drupal ń fẹ́ ọwọ́ tó mọṣẹ́, irú àwọn ọwọ́ bẹ́ẹ̀ kò sì pọ̀ tó ti WordPress.

Ọ̀nà àbáyọ wà. Àfikún kan (plugin, ìyẹn ètò kékeré tí a ń so mọ́ WordPress) tó ń jẹ́ Yoast Duplicate Post ní bọ́tìnì kan tó máa da ojúewé kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ká tún ẹ̀dà náà ṣe títí tọ́kàn gbogbo wa fi balẹ̀, kí ó tó wá gba ipò ti àkọ́kọ́. Ọ̀fẹ́ ni, mo sì gbà pé iléeṣẹ́ tó bá ní ju ẹ̀ka méjì lọ kò gbọdọ̀ wà láìní i tàbí ohun tó jọ ọ́. Ohun tó kù ni bí ọ̀gá àgbà yóò ṣe rí ẹ̀dà náà. Ọ̀gá àgbà tèmi kì í wọlé sórí WordPress, n kò sì rò pé yóò wọlé láéláé. Orí fóònù ló ń ka gbogbo nǹkan, nínú mọ́tò, láàárín Maitama àti pápákọ̀ òfurufú. Àfikún mìíràn, Public Post Preview, ń ṣe líǹkì tí ẹni tí kò ní ọ̀rọ̀ aṣínà lè fi wo ìwé tí kò tíì jáde, ìyẹn ló sì gbà wá lọ́wọ́ àwòrán ojú kọ̀ǹpútà tí a máa ń yà ní ẹyọ-ẹyọ ránṣẹ́ sí wọn.

Mo ti sọ àléébù púpọ̀. Ó yẹ kí n wá sọ ibi tí mo ti ń gbóríyìn fún un. Ìtàn àtúnṣe inú WordPress, tí wọ́n ń pè ní Revisions, ni mo kà sí ohun tó wúlò jù lọ fún àjọṣe ẹ̀ka. Gbogbo ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá pa ìyípadà mọ́, WordPress ń fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ pẹ̀lú orúkọ ẹni náà, ọjọ́ àti wákàtí, àyàfi bí ẹni tó ń tọ́jú sẹ́fà bá fi gbèdéke sí iye tí yóò máa pa mọ́. A lè gbé ẹ̀dà méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ohun tí wọ́n yọ kúrò hàn ní pupa, kí ohun tí wọ́n fi kún un hàn ní àwọ̀ ewé. Ní ọjọ́ kan tí àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lórí orúkọ ọmọ ìgbìmọ̀ kan tí kò sí lójúewé mọ́, tí ẹ̀ka kan ń nàka sí èkejì, a ṣí ìtàn náà níwájú gbogbo wa, a rí wákàtí tí orúkọ náà kúrò, a rí ẹni tó yọ ọ́, a sì rí i pé ẹni náà ní ìwé ìpinnu ìgbìmọ̀ lọ́wọ́ nígbà tó ń yọ ọ́. Ẹjọ́ náà parí lójú ẹsẹ̀. Ohun tí ènìyàn bá sì gbé jù sínú ìdọ̀tí, ọgbọ̀n ọjọ́ ló ní kó tó di àwátì.

Ṣùgbọ́n ìtàn yìí kò wúlò fún iléeṣẹ́ tí gbogbo ènìyàn ń fi orúkọ kan ṣoṣo wọlé. Mo ti dé ọ́fíìsì ní àárín ìlú yìí tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ aṣínà sára ìwé pélébé, tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, tí akọ̀wé, ọ̀gá àti ọmọ tó wá ṣe àgùnbánirọ̀ jọ ń lo orúkọ “admin.” Níbẹ̀, ìtàn àtúnṣe yóò sọ pé admin ló kọ ọ́, admin ló yí i padà, admin ló pa á rẹ́. Orúkọ tirẹ̀ fún olúkúlùkù kò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, torí WordPress kì í ka orí òṣìṣẹ́ kó tó gba owó bí àwọn ètò kan ṣe ń ṣe.

Láti 2013 náà ni ó ti ní títì ojúewé: bí ẹnì kan bá ń tún ìwé kan ṣe lọ́wọ́, tí ẹlòmíràn fẹ́ ṣí i, WordPress yóò fi orúkọ ẹni àkọ́kọ́ hàn án, yóò sì bi í bóyá ó fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dáàbò bo iṣẹ́, àmọ́ ó tún túmọ̀ sí pé ènìyàn méjì kò lè jọ jókòó ti ìwé kan lẹ́ẹ̀kan náà bí wọ́n ṣe ń ṣe lórí Google Docs, ibi ìkọ̀wé Google lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ń ṣe WordPress mọ èyí. Nígbà tí wọ́n yí ọ̀nà ìkọ̀wé rẹ̀ padà sí ti búlọ́ọ̀kù, níbi tí ìpínrọ̀ tàbí àwòrán kọ̀ọ̀kan ti dá dúró, ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, wọ́n là á sílẹ̀ pé ìpele mẹ́rin ni iṣẹ́ náà, ìkẹta sì ni àjọṣe láàárín àwọn tó jọ ń kọ̀wé. Ẹ̀dà 6.9 tó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2025 mú ohun kan wá tó ń jẹ́ Notes, tí a fi lè kọ àkíyèsí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpínrọ̀ kan, kí ẹlòmíràn fèsì, kí a sì pa á dé nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti yanjú. A ti ń lò ó. Ó dín àwọn ìpè “wo ìpínrọ̀ kẹta yẹn, kì í ṣe ìyẹn, èyí tó wà lẹ́yìn àwòrán” kù gan-an. Ohun tí kò tíì ṣe nínú ẹ̀dà yẹn ni kí ẹlòmíràn dábàá ọ̀rọ̀ tuntun tí a lè fi bọ́tìnì kan gbà tàbí kọ̀, bí Google Docs ṣe ń ṣe.

Ìdí nìyẹn tí a kò fi tíì kúrò lórí Google Docs. Ibẹ̀ ni ẹ̀ka ètò àti ẹ̀ka òfin ti ń jà sí gbólóhùn, tí wọ́n ń fi àmì sí orúkọ ara wọn, tí ẹ̀ka ìṣirò owó ń tún iye owó ṣe. Ìgbà tí ó bá parí la máa ń gbé e wá sórí WordPress, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń gbé e. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé lẹ́yìn tí a bá ti gbé e lọ, ẹnì kan yóò tún padà sórí Google Docs lọ ṣe àtúnṣe kan tó ṣe pàtàkì, kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, yóò sì máa rò pé ó ti wà lórí ìkànnì. Ohun tó tán an fún wa ni pé ní wákàtí tí a bá gbé ọ̀rọ̀ lọ, a ń yí àṣẹ gbogbo ènìyàn lórí ìwé náà padà sí wíwò nìkan. Ẹni tó bá ní ohun tuntun láti sọ yóò mọ̀ pé ilẹ̀kùn yẹn ti tì.

Ibi ìkó-àwòrán-àti-fáìlì-sí ni mo kórìíra jù nínú WordPress. Kò ní fódà. Bí ẹ̀ka márùn-ún bá ń kó nǹkan síbẹ̀ fún ọdún mélòó kan, ẹ óò bá àwòrán ọjọ́ ìbí ọ̀gá, lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ àti ìròyìn owó lórí ìlà kan náà. Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí fọ́ọ̀mù. Ẹ̀ka òṣìṣẹ́ gbé fáìlì kan wọlé tó ń jẹ́ foomu.pdf. Nígbà tí ó yí padà, wọ́n tún gbé tuntun wọlé ní orúkọ kan náà. Bí ti àkọ́kọ́ bá ṣì wà níbẹ̀ nínú oṣù yẹn, WordPress kò ní fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Yóò sọ tuntun di foomu-1.pdf, yóò sì fi ti àtijọ́ sílẹ̀ síbi tó wà. Bí ó bá sì jẹ́ pé oṣù mìíràn ni, tuntun lè bọ́ sínú ibi ìpamọ́ oṣù tirẹ̀ ní orúkọ kan náà gan-an, kí méjèèjì wà. Gbogbo líǹkì tí a ti fi sórí ojúewé, èyí tí àwọn ènìyàn ti fi ránṣẹ́ síra wọn lórí WhatsApp, àti èyí tí Google ti mọ̀, ọ̀dọ̀ ti àtijọ́ ni wọn yóò máa lọ. Aráàlú yóò kún fọ́ọ̀mù tí kò wúlò mọ́, yóò gbé e dé ọ́fíìsì wa láti Nyanya nínú oòrùn, a óò sì dá a padà. Àfikún tó ń jẹ́ Enable Media Replace ń jẹ́ kí a fi fáìlì tuntun sí ipò ti àtijọ́ gan-an láìyí líǹkì padà. Kò yé mi ìdí tí irú nǹkan kòṣeémánìí bẹ́ẹ̀ fi jẹ́ àfikún.

Àfikún tó wà fún WordPress ju 50,000 lọ, fún ọ̀rọ̀ àjọṣe ẹ̀ka sì ni PublishPress, tó ń jẹ́ kí a dá ipò tiwa sílẹ̀ láàárín kíkọ àti ìgbéjáde, kí a sì fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀ka tó kàn nígbà tí ìwé bá dé ọwọ́ wọn. Members náà wà, tí a fi lè dá irú àṣẹ tuntun sílẹ̀. Wọ́n dí èyí tó pọ̀ nínú àwọn ihò tí mo ti kà. Ṣùgbọ́n gbogbo àfikún ni ẹnì kan ní láti máa tọ́jú. Bí wọ́n bá pẹ́ láìgba àtúnṣe, ibẹ̀ ni àwọn olè íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé, nígbà mìíràn àfikún méjì sì lè máa bá ara wọn jà títí ìkànnì yóò fi funfun báláú. Ìmọ̀ràn mi ni kí iye wọn má pọ̀, kí a sì mọ orúkọ ẹni tó ń tọ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ní ti iná tó ń lọ tó ń bọ̀, WordPress kò ṣe wá ní ibi. Ó ń pa iṣẹ́ mọ́ fúnra rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, bí íntánẹ́ẹ̀tì bá sì já, ó ń fi ẹ̀dà kan pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà títí tí yóò fi padà. Ní ti èdè, a máa ń kọ ìkìlọ̀ ìlera ní Gẹ̀ẹ́sì, Haúsá àti Yorùbá. Àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà tiwa wọlé dáadáa, ṣùgbọ́n irú lẹ́tà tí àwọn oníṣẹ́ ọ̀ṣọ́ máa ń yàn kì í sábà gbé àmì ohùn lórí ẹ àti ọ bó ṣe yẹ. Irú lẹ́tà tó ń jẹ́ Noto Sans gbé e, lẹ́tà Haúsá náà tó ní ìkọ́ sì hàn. WordPress fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé ìwé mẹ́ta yìí jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà, àfi bí a bá fi àfikún bíi Polylang kún un, nítorí náà nígbà tí ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára bá yí padà ní Gẹ̀ẹ́sì, kò sí ohun tí yóò rán ẹni tó ń kọ Haúsá létí.

Òfin náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Òfin òmìnira ìròyìn ọdún 2011 sọ pé iléeṣẹ́ ìjọba gbọ́dọ̀ tẹ àwọn ìsọfúnni kan síta láìdúró de ẹni tí yóò béèrè, kí wọ́n sì ṣe àtúnṣe sí i lójú ẹsẹ̀ tí nǹkan bá yí padà. Ó kan ẹgbẹ́ aládàáni tó ń ná owó ìjọba pẹ̀lú. Ẹni tó bá kọ̀wé béèrè ọ̀rọ̀, ọjọ́ méje ló wà fún èsì. Òfin ààbò ìsọfúnni ẹni ti ọdún 2023 sì mú kí ẹ̀ka ètò àti ẹ̀ka òfin ní láti jọ wo gbogbo àwòrán aláìsàn kó tó jáde. Méjèèjì ń béèrè ohun kan náà: ta ló ni ojúewé yìí, ìgbà wo ló sì yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn? WordPress kò ní ibi tí ó yà sọ́tọ̀ fún ìdáhùn náà. Ìwé àtẹ lásán ni àwa ń lò, orúkọ ojúewé, ẹ̀ka, orúkọ ẹni kan nínú ẹ̀ka náà àti ọjọ́ àyẹ̀wò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù mẹ́ta mẹ́ta la máa ń gbé e káàkiri. Ó ti ṣe wá lóore ju àfikún èyíkéyìí lọ.

Iléeṣẹ́ tó ní ẹ̀ka méjì sí mẹ́fà, tó ní olóòtú kan tí gbogbo ẹ̀ka gbọ́ràn sí lẹ́nu, kí ó mú WordPress láìbẹ̀rù. Iléeṣẹ́ ńlá tí ìfọwọ́sí gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ọ̀rọ̀ tó jáde, tó sì lówó láti gba ọ̀mọ̀ràn síṣẹ́, kí ó wo Drupal kó tó pinnu. Ẹni tó bá ti wà lórí WordPress, tó sì ń ronú láti sá kúrò nítorí pé ẹ̀ka rẹ̀ ń bá ara wọn jà, kí ó kọ́kọ́ yan ẹni tó ni ojúewé kọ̀ọ̀kan ná. Owó ìṣípòpadà kì í ṣe kékeré, ìjà náà sì mọ ọ̀nà dé ilé tuntun.

Nígbà tí ẹ bá ń bá oníṣẹ́ dúnàádúrà, ẹ béèrè pé kí orúkọ Administrator wà lórí ímeèlì iléeṣẹ́, kó má ṣe jẹ́ ti oníṣẹ́ náà, kó kọ orúkọ gbogbo àfikún tó fi sí i sílẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, kó sì kọ́ ẹni méjì nínú ọ́fíìsì bí a ṣe ń mú ẹ̀dà àtijọ́ padà. Ẹ sì jẹ́ kó fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí òṣìṣẹ́ bá kúrò hàn yín: bí a bá fẹ́ pa orúkọ ẹni tó lọ rẹ́, WordPress yóò béèrè bóyá kí òun pa gbogbo ohun tó kọ rẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, tàbí kí òun fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Èkejì ni kí ẹ yàn, kí ẹ sì ti mọ orúkọ ẹni tí ẹ óò fà á lé lọ́wọ́ kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì.